Ìkarahun Tí Ń Fọhùn: Ìpè Ìgbín Òkun àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà Ìpájà ní kùtùkùtù òwúrọ̀, níbi tí ọ̀nà Ìpájà gbé yà kúrò lára títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, yóò gbọ́ oríṣiríṣi ohùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè ọkọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ké pe àwọn tí ń lọ sí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó, ìpè àdúrà ń ti mọ́ṣáláṣí wá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún lókèèrè. Lójú àlejò, ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀. Lójú ẹni tí ó mọ ibẹ̀, ohùn kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tí ó ń jẹ́. Ó mọ fèrè tí ó ní kí ẹlẹ́sẹ̀ yà lọ́nà, ó mọ èyí tí ó ń kí ọ̀rẹ́, ó sì mọ èyí tí ó jẹ́ èébú.

Ó yẹ kí a kíyè sí orúkọ tí Yorùbá sọ ohun tí ń dún lára ọkọ̀ yìí. Irin ni a fi ṣe é, iná mànàmáná ni ó sì ń mú un dún. Síbẹ̀ fèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni wọ́n wò, wọn kò wo ohun tí a fi ṣe é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ìwo ni wọ́n ń pe tiwọn, nítorí pé ìwo ẹran ni àwọn baba ńlá wọn ń fọn kí irin tó gba ipò rẹ̀. Níbi gbogbo láyé, ohun tí ó wà nítòsí ni ènìyàn kọ́kọ́ fi pe ọmọnìkejì rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn: ẹlẹ́ran fi ìwo, ọdẹ erin fi eyín erin, àgbẹ̀ fi akèrègbè. Àwọn tí omi yí ilẹ̀ wọn ká sì mú ìkarahun ìgbín òkun, wọ́n fi ètè sí i, ó sì fọhùn.

Ìpè ìkarahun yìí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, lókè òkun, ibi tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ní oko ẹrú, ohùn rẹ̀ wọ inú ìtàn wọn gidigidi. Kí a tó dé ọ̀hún, ó dára kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn tí ó kù sílé ti ń ránṣẹ́ sí ara wọn, nítorí pé ìmọ̀ èkíní ni yóò la ojú sí èkejì.

Bí Yorùbá Ti Ń Ránṣẹ́

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín omi ni Èkó wà, ilẹ̀ igbó àti ilẹ̀ ọ̀dàn ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, ohun tí igbó àti ọ̀dàn bí ni a fi ń ṣe ìpè níbẹ̀. Àwọn ọdẹ a máa fọn ìwo ẹran igbó. Ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ìbíní, àwọn agbẹ́gilére a máa gbẹ́ eyín erin ní ọnà fún ìpè tí ó yẹ ọba. Kàkàkí, ìpè irin gígùn tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Haúsá, kò ṣàjèjì ní ààfin Ọ̀yọ́. Agogo ni akéde ń lù káàkiri ìlú kí ó tó sọ ohun tí ọba wí.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun èlò wọ̀nyí, dùndún ni ó ga jù ní ti ọ̀rọ̀ sísọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń fún ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìtumọ̀. Bí onílù bá fún ọsán ìlù rẹ̀, ohùn a gòkè, bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a sọ̀kalẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ìlù lè ki oríkì, kí ó bú ènìyàn, kí ó sì pa òwe, láìsí pé ẹnu ya. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè gbọ́ ohun tí dùndún wí, bí ó ti wù kí etí rẹ̀ mú tó.

Ìránṣẹ́ mìíràn tún wà tí kò ní ohùn rárá. Àrokò ni a ń pè é. Oríṣiríṣi nǹkan ni a fi ń pa á, ṣùgbọ́n owó ẹyọ wà lára èyí tí a ń lò jù, owó ẹyọ pẹ̀lú sì jẹ́ ìkarahun ìgbín òkun. Bí a bá so ẹyọ méjì pọ̀ ní ojú sí ojú, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ẹni tí ó ránṣẹ́ sì ń fẹ́ kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fojú kan ara wọn. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, ìjà ti wọ àárín. Ẹyọ mẹ́fà a máa dúró fún fífà, èyí ni pé ọkàn olùránṣẹ́ ń fà sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí. Ẹyọ mẹ́jọ a máa dúró fún jíjọ, èyí ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a dì mú nínú ọ̀rọ̀ àrokò. Èkíní ni pé ẹyọ kò ní ìtumọ̀ kankan fúnra rẹ̀. Àdéhùn tí ó wà láàrin ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ láti ìlú dé ìlú lè rí i kedere, kí ó má sì mọ ohun tí ó gbé. Orí ohun méjì yìí náà ni gbogbo ìtàn ìpè ìkarahun dúró lé.

Bí Ìkarahun Ti Ń Dún

Owó ẹyọ kéré jù fún fífọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbín òkun mìíràn wà tí ìkarahun wọn ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní òkun Kàríbíánì ni àwọn ará Háítì ń pè ní lambí. Ó lè gùn tó 30 sẹ̀ntímítà. Ara rẹ̀ nípọn, ó rí gbágungbàgun lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń dán, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ní òkun Pasífíìkì, òmíràn tí ó gùn jù ú lọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì yọ gbọọrọ, ni wọ́n sábà ń lò.

Ṣíṣe ìpè náà kò le. A óò yọ ẹran inú ìgbín, a óò fọ ìkarahun mọ́, a óò sì gé ṣóńṣó rẹ̀ títí ihò tí ètè lè bò yóò fi yọ. Ní Fíjì, ẹ̀gbẹ́ ìkarahun ni wọ́n ń lu ihò sí, kì í ṣe ṣóńṣó. Àwọn Māori ti Níù Sílándì a máa gbẹ́ igi, wọn a sì fi ṣe ẹnu fún tiwọn. Ọ̀nà yòówù kí a gbà, kò sí iná àgbẹ̀dẹ nínú rẹ̀, kò sì sí owó ńlá.

Kì í ṣe èémí nìkan ni ó ń mú un dún. Ètè ẹni tí ń fọn ún ni ó ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n ètè ni ó sì ń mú afẹ́fẹ́ inú ìkarahun gbọ̀n. Ọ̀nà inú ìkarahun yí po bí okùn tí a ká, ó ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀ láti ṣóńṣó títí dé ẹnu. Gbígbòòrò yẹn ni ó ń jẹ́ kí ohùn bọ́ síta pẹ̀lú agbára. Ìlànà kan náà ni ti ìwo, ti eyín erin, ti kàkàkí àti ti ìpè idẹ àwọn ológun. Àfi pé ìkarahun kò lóhùn púpọ̀. Ohùn kan pàtàkì ni ó sábà ń ní, pẹ̀lú díẹ̀ sí i lókè fún ẹni tí ó bá mọ ètè rẹ̀ lò. Bí afọnpè bá ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, ohùn náà a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Kò lè ki oríkì bí dùndún. Gígùn àti kíkúrú ohùn, iye ìgbà tí a fọn ún, àti àkókò tí a fọn ún, àwọn wọ̀nyí nìkan ni afọnpè ní lọ́wọ́.

Kí ni ó wá mú un wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọn erékùṣù? Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì rẹlẹ̀. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè tán lójú afẹ́fẹ́ bí ohùn tín-ín-rín. Lórí omi, kò sí igi, kò sí ilé, kò sì sí òkè tí yóò dí i lọ́nà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tí ó sún mọ́ omi bá tutù ju èyí tí ó wà lókè rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ní àṣálẹ́ àti ní òwúrọ̀, ohùn tí ì bá gòkè lọ a tẹ̀ padà wá sísàlẹ̀, a sì rìn jìnnà. Awọ ìlù a máa dẹ̀ nínú ọ̀rinrin. Omi iyọ̀ a máa jẹ irin. Kò sí èyí tí ó lè ṣe ìkarahun, nítorí pé inú omi iyọ̀ ni a ti bí i. Aṣọ tí a ń jù fún àmì kò ṣe é rí lóru, iná kò sì ṣe é rí nínú kùrukùru, ṣùgbọ́n etí kò ní ìpéǹpéjú tí yóò fi dì.

Ìtànkálẹ̀ Rẹ̀ Láyé

Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti mọ àṣírí yìí. Ní ọdún 1931, a rí ìkarahun ńlá kan ní ihò àpáta Marsoulas, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé. Fún bí ọgọ́rin ọdún ni ó fi wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Toulouse. Àwọn tí ó rí i rò pé ife ìmumi ni. Ní ọdún 1921 kọ́, bí kò ṣe ní ọdún 2021, ni àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n ti tún un yẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí i pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ kúrò, àti pé inú rẹ̀ ní àmì ọ̀dà pupa bí irú èyí tí ó wà lára ògiri ihò náà. Wọ́n gbé e fún ẹni tí ó mọ ìpè fọn, ó sì mú ohùn mẹ́ta jáde nínú rẹ̀. Ìkarahun náà ti tó bí 18,000 ọdún.

Ní Índíà, ìpè ìkarahun tí wọ́n ń pè ní shankha ń dún nínú ilé òrìṣà títí di òní, ó sì wà nínú ìtàn àwọn ogun àtijọ́ wọn. Ní Jàpáàn, àwọn olùfọkànsìn tí ń gbé orí òkè ń fọn ún, àwọn balógun pẹ̀lú sì fi darí ọmọ ogun nígbà kan rí. Ní Chavín de Huántar, lórí òkè ńlá ilẹ̀ Pérù, níbi tí ó jìnnà sí òkun, a wú ogún ìpè ìkarahun jáde nínú ilẹ̀ ní ọdún 2001. Ní Màdàgásíkà, erékùṣù ńlá tí ó wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, antsiva ni orúkọ rẹ̀, ayẹyẹ ọba àti ti àwọn baba ńlá ni a sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ní àwọn erékùṣù Pasífíìkì, òun ni ó ń sọ pé ọkọ̀ ń bọ̀, pé ìjòyè ti dé, tàbí pé kí àwọn ará abúlé péjọ.

Kò sí ibì kan nínú gbogbo ibi wọ̀nyí tí ohùn náà yàtọ̀ sí ara wọn púpọ̀. Ìtumọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Ohùn tí ó jẹ́ àdúrà ní ibì kan jẹ́ ogun ní ibòmíràn, ó sì jẹ́ ọjà ẹja ní ibi kẹta.

Ìkarahun Méjì Nínú Òwò Kan

Owó ẹyọ kì í ṣe ọmọ òkun Èkó. Erékùṣù Maldives, ní gúúsù Índíà, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Àwọn oníṣòwò Òyìnbó a kó o lọ sí Amsterdam àti London, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó o wá sí etíkun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń sín in sórí okùn: ogójì ẹyọ jẹ́ okùn kan, okùn márùn-ún jẹ́ igba, 2,000 jẹ́ ẹgbàá, 20,000 sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Òun ni a fi ń ra iṣu àti epo, òun ni a fi ń san ìdána. Òun pẹ̀lú sì wà lára ohun tí a fi ń ra ènìyàn ní àwọn èbúté bí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì.

Àwọn tí a rà bẹ́ẹ̀ ni a kó gba òkun lọ. Lára wọn ni àwọn ọmọ Yorùbá tí àwọn Faransé ń pè ní Nàgó, tí a kó lọ sí Saint-Domingue, ilẹ̀ tí ń jẹ́ Háítì lónìí. Wọ́n bá àwọn ará Kóńgò, àwọn Fọ̀n, àwọn Ìgbò àti ẹ̀yà mìíràn lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ oko ìrèké sì ni a kó gbogbo wọn sí. Ìgbín kì í fi ìkarahun rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí àjò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí kò fi ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá lọ́hùn-ún tún jẹ́ ìkarahun. Ìkarahun òkun ni a fi rà wọ́n ní èbúté. Ìkarahun òkun náà ni a fi ń jí wọn ní oko.

Ní ọ̀pọ̀ oko ìrèké ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, agogo tàbí ìpè ìkarahun ni a fi ń pín ọjọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a óò ti fọn ún, kí ẹrú dìde lọ sí oko. A óò tún fọn ún ní ọ̀sán, kí wọ́n sinmi. A óò sì fọn ún nígbà tí ìsinmi bá parí. Ní Jàmáíkà, ara rẹ̀ ni ìsinmi ọ̀sán ti gba orúkọ, nítorí pé àkókò ìfọnkarahun ni wọ́n ń pè é nínú èdè tiwọn. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé lẹ́yìn ìpè mọ ohun tí yóò bá a: pàṣán ni.

Olówó ẹrú rò pé ohùn òun ni ohùn náà. Ó gbàgbé ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó ti pa àrokò rí ì bá ti sọ fún un, pé ìtumọ̀ kò sí nínú ìkarahun. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ènìyàn láti dìde nígbà tí ó bá gbọ́ ohùn kan, kò lè dá a dúró kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bá a ṣe àdéhùn tuntun lórí ohùn kan náà.

Ìpè Òmìnira

Àwọn tí ó sá kúrò ní oko lọ sí orí òkè àti inú igbó ni ó kọ́kọ́ jèrè àdéhùn tuntun yìí. Ní Jàmáíkà, ìwo màlúù ni àwọn ìsáǹsá fi ń ránṣẹ́ láti òkè dé òkè. Abeng ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Akan ti ilẹ̀ Gánà wá, tí ó túmọ̀ sí ìwo. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà fọn ún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fọn eyín erin ní ààfin Kumasi àti ní Ìbíní, wọn a sì máa fi àtàǹpàkò dí ihò ṣóńṣó rẹ̀, wọn a tún máa ṣí i, kí ohùn lè yí padà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń gun òkè bọ̀ ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé iye wọn àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ó ń ròyìn. Ní ọdún 1739, Gẹ̀ẹ́sì bá Cudjoe, olórí àwọn ìsáǹsá, ṣe àdéhùn àlàáfíà. Ní abúlé Accompong, a ṣì ń fọn abeng ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní lọ́dọọdún ní ìrántí rẹ̀.

Ní Saint-Domingue, ìkarahun lambí ni ó gba iṣẹ́ yìí ṣe, pẹ̀lú ìlù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, àwọn aṣáájú ẹrú pàdé ní ìkọ̀kọ̀ ní ibi tí à ń pè ní Bwa Kayiman; Boukman sì wà lára àwọn olórí wọn. Ní òru ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìhà àríwá. Oko ìrèké jó, ilé àwọn olówó ẹrú jó, ìró lambí sì ń dáhùn ìró lambí láti oko dé oko. Ogun náà pẹ́ ju ọdún méjìlá lọ. Toussaint Louverture darí rẹ̀ títí àwọn Faransé fi mú un lọ sí ilẹ̀ wọn, tí ó sì kú sínú túbú ní ọdún 1803. Jean-Jacques Dessalines ni ó parí rẹ̀, tí ó sì kéde òmìnira Háítì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804. Kò sí ibòmíràn láyé tí àwọn ẹrú ti dìde bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́gun, tí wọ́n sì dá orílẹ̀-èdè tiwọn sílẹ̀.

Níhìn-ín ni àìlọ́rọ̀ ìkarahun ti di agbára rẹ̀. Bí ó bá ṣe dùndún ni ó ń pe ogun náà ní èdè Yorùbá, Nàgó nìkan ni ì bá gbọ́. Ará Kóńgò ì bá dúró, Fọ̀n ì bá máa béèrè ohun tí a wí. Ìkarahun kò sọ èdè ẹnì kankan, nítorí náà ó lè jíṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n nílò kì í ṣe èdè kan, bí kò ṣe àdéhùn kan. Olówó ẹrú pàápàá ní etí. Ó gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Báwo ni yóò ṣe ka fífọn ìkarahun léèwọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi í pe iṣẹ́ ní òwúrọ̀?

Ohun tí ó jọ èyí tún ṣẹlẹ̀ ní Jàmáíkà ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1831, nígbà tí àwọn ẹrú dìde lábẹ́ Samuel Sharpe, tí ìró ìkarahun àti ti ìwo sì gba orí òkè kan. Wọ́n so Sharpe kọ́ ní ọdún 1832. Ní ọdún 1833 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù wọn.

Lẹ́yìn Ogun

Ní ìlú Port-au-Prince, olú ìlú Háítì, ère idẹ kan wà ní iwájú ibi tí ààfin ìjọba gbé wà. Albert Mangonès ni ó ṣe é ní ọdún 1967. Ọkùnrin kan ni, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ẹ̀wọ̀n tí ó já wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, àdá wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ọwọ́ kejì sì gbé lambí sí ètè, ó kọjú sí òkè. A kò fún un ní orúkọ. Ìsáǹsá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2010, ààfin wó, ṣùgbọ́n ère náà dúró.

Lambí kò sì di ohun ère nìkan. Ní àwọn abúlé Háítì, òun ni a ti fi ń pe àwọn àgbẹ̀ jọ sí konbit, iṣẹ́ àjọṣe tí gbogbo àdúgbò ń bá ẹnì kan ṣe lóko rẹ̀, tí ẹni náà yóò sì fi oúnjẹ gbà wọ́n lálejò. Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí ọ̀wẹ̀ àti àáró. Òun ni a fi ń kéde òkú. Nínú ẹ̀sìn Vodou, òun ni a fi ń pe Agwé, ẹni tí ó ni òkun. Nínú ẹ̀sìn kan náà ni ìdílé àwọn ẹ̀mí tí à ń pè ní Nàgó gbé wà, Ogou, èyí tí í ṣe Ògún, sì jẹ́ olórí wọn. Ní Grẹ̀nádà àti ní àwọn erékùṣù mìíràn, apẹja tàbí aláta ẹja ni ó ń fọn ún, kí àwọn ìyàwó ilé lè mọ̀ pé ẹja tútù dé. Ohùn tí ó ti jẹ́ pàṣán, tí ó sì ti jẹ́ ogun, ti di ohùn ọbẹ̀.

Ewu wà lórí rẹ̀ ṣá o. Ẹran lambí dùn, ọ̀pọ̀ sì ń jẹ ẹ́. Ìgbín náà kì í sáré, omi tí kò jìn ni ó ń gbé, kò sì ń tètè dàgbà. Apẹja ti kó o tán ní ibi púpọ̀. Ní ọdún 1992, a fi í sí abẹ́ àdéhùn àgbáyé tí ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko tí ó lè run. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, kíkó o ti di èèwọ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980. Ní ọwọ́ kejì, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ti dé ọwọ́ apẹja àti àgbẹ̀. Ó ń yá ju ìpè lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní kíkún. Bí èyí bá ń bá a lọ, ìkarahun yóò kù lórí pẹpẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wí yóò sì di àwátì.

Ohun Tí Ó Ń Sọnù

Ó yẹ kí a tún padà sí ìkarahun Marsoulas. Ó wà ní pípé, 18,000 ọdún kò rí i gbé ṣe. Ohùn rẹ̀ pàápàá ti padà. Ẹni tí ó wà láàyè lónìí ti fi etí gbọ́ ohùn tí àwọn ará ìgbà náà gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ó ń pe ọdẹ wálé ni, tàbí ó ń kéde òkú, tàbí ó ń kí òòrùn. Àdéhùn tí ó fún un ní ìtumọ̀ ti bá àwọn tí ó ṣe é lọ sí ibojì. Ní Háítì, ìkarahun a máa fọ́, a sì máa wá òmíràn nínú òkun. Ìtumọ̀ ni a kò jẹ́ kí ó fọ́. Èyí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohùn àti ìró lásán.

Ilé Yorùbá pẹ̀lú ní ìpè tirẹ̀ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ìgbàgbé. Eyín erin tí a gbẹ́ fún ọba wà nínú àpótí gíláàsì ní ìlú Òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ iye tí a lè tà á, àwọn díẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó ń sọ nígbà tí ọba bá ń jáde. Àwọn àgbà ọdẹ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ìwo tí ń pe ẹlẹgbẹ́ àti èyí tí ń sọ pé ewu dé kò pọ̀ mọ́. Owó ẹyọ ṣì wà lọ́jà, lára aṣọ àti lára irun. Àwọn tí ó lè ka mẹ́fà àti mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ń dínkù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jókòó ti irú àgbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kálámù, tí ó béèrè pé ìgbà mélòó ni a ń fọn ún àti kí ni ó túmọ̀ sí, ṣe ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan kò lè ṣe.

Ní Ìyànà Ìpájà, fèrè ọkọ̀ kì yóò yé dún. Ọmọdé tí a bí sí ibẹ̀ kò lọ sí ilé ìwé kankan kí ó tó mọ èyí tí ń kí i àti èyí tí ń lé e lọ́nà. Àárín àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n ni ó ti kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ lambí ní oko ìrèké, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ àrokò nílé. Ìkarahun kò níí ṣọ̀wọ́n títí ayé. Ẹni tí yóò sọ ohun tí ó ń wí ni ó ṣọ̀wọ́n.